Epo Wo Lẹ Mu?

Ẹ̀yin tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé bẹntiróòlù ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró yín, ẹ̀yin ni mo kọ èyí sí. Mo mọ̀ pé kò rọrùn fún yín láti ka ìwé gígùn nísinsìnyí, nítorí ìwé kíkà náà ń gba èémí. Ẹ kà á díẹ̀díẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ń kà á sí yín létí, ẹ jẹ́ kó máa sinmi. Èmi náà sinmi púpọ̀ kí n tó kọ ọ́ tán.

Orúkọ mi ni Ọlátúndé. Ọmọ Ìyèrè ni mí, lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Wọlé-wọlé ni bàbá mi nígbà ayé rẹ̀, àwọn tó máa ń ṣí ìkòkò omi onílé wò bóyá ẹ̀fọn ti yé sí i. Ó fẹ́ kí n ṣiṣẹ́ ìjọba bíi tirẹ̀, kí n máa gbowó oṣù, kí n sì máa jókòó ní iwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa. Ṣùgbọ́n mo lọ ra ọkọ̀ ojú omi. Ó ní òun ò mọ ibi tí ọmọ wọlé-wọlé ti rí ọgbọ́n àtimáa gbé lójú omi.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbé àgbẹ̀ àti ẹrù wọn kọjá odò Ọ̀sẹ̀, láti èbúté kékeré kan tí kò jìnnà sí Ìmórù, níbi tí èmi àti Fólúkẹ́ ìyàwó mi ń gbé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, odò náà a fà débi pé èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn kọjá, èmi náà a sì gba oko mi lọ. Ṣùgbọ́n tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, omi a kún dé ìdí àwọn igi etí odò, kò sí bí àgbẹ̀ ṣe máa dé oko tí kò ní wọ ọkọ̀ wa. Pákó ni ọkọ̀ mi. Ó ń gba èèyàn mẹ́wàá. Ẹ́ńjìnì kékeré kan wà nídìí rẹ̀, táńkì epo rẹ̀ wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, mo sì máa ń fi tapólì bo òkè ọkọ̀ náà nítorí òjò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe máa ń rọ epo sí i, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. A óò ra bẹntiróòlù ní Ìdóàní sínú kẹ́ẹ̀gì. A óò gbé kẹ́ẹ̀gì náà sórí ìjókòó nínú ọkọ̀, a óò ki rọ́bà bọ̀ ọ́, a óò fi ẹnu fa rọ́bà náà títí epo yóò fi máa bọ̀, a óò wá yára ti ẹnu rọ́bà bọ inú táńkì. Gbogbo àwọn èrò á ti jókòó. Ẹlòmíràn nínú wọn á máa tẹ fóònù, ẹlòmíràn á máa sun oorun. Bí gbogbo àwa ọlọ́kọ̀ èbúté náà ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹni tí epo bá kàn lẹ́nu nínú wa, ọmọṣẹ́ là ń pè é, a ó sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn fi máa ṣú.

Fún ọdún mọ́kànlá, epo ò kàn mí lẹ́nu rí. Mo máa ń gbọ́ ọ bó ṣe ń bọ̀ nínú rọ́bà, mo sì mọ ìgbà tí mo gbọ́dọ̀ yọ ẹnu. Mo fi ń yangàn. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé a kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ.

Lọ́jọ́ tí ó ṣẹlẹ̀, oṣù kẹjọ ni, òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀. A wà ní òdìkejì odò, a fẹ́ padà sí èbúté. Èrò mẹ́fà wà lábẹ́ tapólì, Ìyá Adé sì wà láàárín wọn. Epo pupa ni Ìyá Adé ń tà. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ bá àwọn tó ń ṣe epo ní oko, torí ó ní òun ò fọkàn tán imú ẹlòmíràn. Yóò ti imú bọ ẹnu kẹ́ẹ̀gì, yóò fa á lẹ́ẹ̀kan, yóò sì sọ fún ọ bóyá wọ́n ti lú epo náà, bóyá ó ti pẹ́ nílẹ̀. Kì í ṣì í. Ìgbàkigbà tó bá sì ń gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ wọ ọkọ̀ mi, yóò kọ́kọ́ kéde fún gbogbo èrò pé, "Epo ni mo rù o, oníyangí má ba tèmi jẹ́!" Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì sún fún un.

Mo rí i pé epo inú táńkì ò lè gbé wa dé òdìkejì. Ó yẹ kí n ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, kí n ká tapólì kúrò. Ṣùgbọ́n òjò ń rọ̀, ojú sì ń tì mí láti lé àgbàlagbà sínú òjò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ìdí ọkọ̀, mo ti rọ́bà bọ ẹnu.

Ohun tí èmi ò mọ̀ nígbà náà ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Oru bẹntiróòlù kì í lọ sókè bí èéfín igi. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ńṣe ló máa ń sọ̀ kalẹ̀, á sùn sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ bí omi òjò ṣe ń sùn síbẹ̀, ẹ ò sì ní fojú rí i. Ọkọ̀ tó ní pákó yíká, tí wọ́n tún wá fi tapólì bò, ìkòkò oníderí ló jẹ́ fún un. Bí ẹnì kan bá ṣáná síbẹ̀, tàbí tí èmi fúnra mi bá fa okùn ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀, gbogbo wa ni ì bá jóná. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ tí kò jó. Mo pè é ní iṣẹ́ mímọ̀.

Orí mi bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Òjò ń lu tapólì, n kò gbọ́ bí epo ṣe ń bọ̀ nínú rọ́bà. Mo ṣì ń fà nígbà tó dé. Ó gbá mi lọ́fun, ikọ́ mú mi, mo sì fa èémí sínú pẹ̀lú ẹnu tó kún fún bẹntiróòlù.

N kò lè sọ bó ṣe rí fún ẹni tí kò ṣe irú ẹ̀ rí. Ó gbóná, ó sì tún tutù. Mo ṣubú lé kẹ́ẹ̀gì. Ohùn Ìyá Adé ni mo kọ́kọ́ gbọ́.

"Ẹ dì í mú! Ó ti gbé epo mì! Ẹ gbé orí rẹ̀ sókè, epo la fi ń lé epo!"

Ó ti ṣí kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀. Ọkùnrin méjì di orí mi mú, ó sì da epo pupa sí mi lẹ́nu pẹ̀lú ife tó fi ń wọn epo. Ife àkọ́kọ́ ò ṣe nǹkan kan. Nígbà tí mo mu èkejì, mo bì. Mo bì sínú odò láti etí ọkọ̀. Mo rí i bó ṣe ń dán lójú omi, pupa, tí àwọ̀ òṣùmàrè yí i ká. Gbogbo wọn pariwo ayọ̀. "Ó ti jáde! Ó ti jáde!" Mo ń wúkọ́, mo ń ṣe "ẹ ṣé, mà" fún Ìyá Adé. Lẹ́yìn náà mo rọ epo náà tán, mo sì gbé wọn kọjá odò.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo gbé wọn kọjá. Mo tún gbé èrò ẹ̀ẹ̀mejì sí i kí n tó lọ sílé.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, àyà mi ń jó bí ẹni tó gbé ata mì. Tí mo bá gùnfẹ̀, bẹntiróòlù ni mo ń gbóòórùn. Fólúkẹ́ bi mí ohun tó ṣe mí, mo ní epo ló kàn mí lẹ́nu. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní mo ti di ọmọṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ibà dé. Lọ́jọ́ kẹta, mo dìde láti lọ wẹ̀, n kò lè dé ẹ̀yìnkùlé láìdúró. Mo fọwọ́ ti ògiri, mo ń wo ẹsẹ̀ mi. Ìka ọwọ́ mi kú tipiri, n kò mọ ògiri lára. Mo rò ó pé ó rẹ̀ mí ni. Bí ẹ bá mu bẹntiróòlù, tí ẹ sì ń wúkọ́, ẹ má dúró di ọjọ́ kẹta. Ẹ má dúró di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà pàápàá.

Fólúkẹ́ gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan lójú ọ̀nà, nítorí òun ló sún mọ́ wa jù. Èrò pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n fún wa ní nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára páálí, a sì jókòó sórí bẹ́ńṣì láti àárọ̀ títí oòrùn fi yí. Nígbà tó kàn wá, nọ́ọ̀sì mú kálámù, ó ní kí ló ṣe wá.

"Epo ló mu," ni Fólúkẹ́ sọ. "Ó bì í, àmọ́ kò tíì gbádùn."

Nọ́ọ̀sì mi orí. "Epo ayé ìsinsìnyí, wọ́n ti lú u tán. Ṣé inú ń run wọ́n?"

"Inú ń run ún. Àyà náà ń dùn ún."

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀, mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Mo mọ̀ pé epo tí ìyàwó mi ń sọ kọ́ ni nọ́ọ̀sì ń kọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ń ná mi ní èémí mẹ́ta nígbà yẹn, mo sì rò pé wọ́n máa tó yé ara wọn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Wọ́n gbé mi sí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fa omi sí mi lára, wọ́n fún mi ní oògùn inú rírun.

Lọ́jọ́ kejì tí mo wà níbẹ̀, màmá mi ti gbọ́, ó wọ ọkọ̀ láti Ìyèrè wá pẹ̀lú báàgì ńlá kan. Ó kó mílíìkì alágolo wá, ó kó ẹyin tútù àti omi àgbọn. Ó gbé ìgò òróró kan tí àwọn ìyá ìjọ ti gbàdúrà sí. Ó sì gbé epo pupa.

"Ọma mi," ló wí pẹ̀lú ohùn Ọ̀wọ̀ tiwa, "la ẹnu."

Fólúkẹ́ ní, "Mà, wọ́n ti fún un ní oògùn."

"Oògùn wọn ń ṣe tirẹ̀, èyí ń ṣe tirẹ̀. Gbogbo Ọ̀ghọ̀ ló mọ̀ pé epo la fi ń lé epo. Tí wọn ò bá jẹ́ kí n tọ́jú rẹ̀ níbí, ulé ni mo máa gbé e lọ."

Wọ́n ń bá ara wọn fà á lórí mi. Fólúkẹ́ fẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ọ̀wọ̀, màmá mi fẹ́ gbé mi lọ sílé. Àwọn méjèèjì ń sunkún. Èmi ò bínú sí ẹnikẹ́ni, n kò sì bẹ̀rù. N kò mọ ohunkóhun lára mọ́. Ó dà bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń jà sí, tí èmi kàn bá wọn níbẹ̀. Mo la ẹnu nítorí kí ariwo lè dákẹ́. Màmá mi fún mi ní mílíìkì, ó fi epo pupa lé e, ó sì fi òróró àdúrà ra àyà mi. Mo tún bì. Lẹ́yìn èyí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í mí bí ajá tó sáré.

Òtútù mú mi láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Fólúkẹ́ rántí kóòtù òjò mi tí mo so rọ̀ sínú ọkọ̀, ó lọ mú un wá, ó fi bò mí. Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ wọlé pẹ̀lú ọ̀pá ìnulẹ̀ rẹ̀. Ó dúró. Ó fa imú.

"Ta ló gbé fúẹ̀lì wọ ibí? Ẹ fẹ́ sun wá ni?"

Ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wo inú báàgì màmá mi. Ó wá tẹ̀ síwájú, ó gbé etí kóòtù mi sókè, ó tún wá gbóòórùn ẹnu mi. Ó fi ọ̀pá ìnulẹ̀ sílẹ̀, ó sáré jáde. Nọ́ọ̀sì ló bá a padà.

Nọ́ọ̀sì dúró lé mi lórí. Ó rọra bi mí, bí ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ ìdáhùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Epo wo lẹ mu?"

Mo ní, "Bẹntiróòlù."

Fólúkẹ́ gbé ọwọ́ lórí. "Ṣebí mo ti sọ! Mo ní epo!"

"Epo lẹ sọ, mà! Epo lẹ sọ!"

Àwọn méjèèjì ń pariwo ọ̀rọ̀ kan náà síra wọn lójú. Kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn. Láàárín ọ̀rọ̀ kan yẹn ni ọjọ́ méjì ti lọ.

Mọ́tò kan gbé wa lọ sí Ọ̀wọ̀. Mo rántí pé mo ń ka igi lójú ọ̀nà, mo sì gbàgbé iye tí mo kà. Níbẹ̀ náà, èrò wà, a tò sórí ìlà. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, Fólúkẹ́ dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọ aṣọ funfun pé, "Bẹntiróòlù ni o! Kì í ṣe epo pupa! Bẹntiróòlù!" Ó sọ ọ́ fún ẹni tó ń tọ́jú géètì pàápàá. Wọ́n yọ wá kúrò lórí ìlà. Wọ́n ya fọ́tò àyà mi, wọ́n sì fi afẹ́fẹ́ sí mi nímú.

Dókítà ọ̀dọ́bìnrin kan ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún wa. Ohùn Ìbàdàn ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní bẹntiróòlù tó bá lọ sínú ikùn ò fi bẹ́ẹ̀ le tó èyí tó ṣìnà lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ó fúyẹ́, ó ń yọ̀, díẹ̀ rẹ̀ tó bá wọ ibẹ̀ á tàn kálẹ̀. "Nígbà tí ẹ fà á, díẹ̀ wọlé," ló wí. "Nígbà tí wọ́n mú kí ẹ bì, èyí tó wà nínú ikùn gba ọ̀fun kọjá lẹ́ẹ̀kejì, òmíràn tún wọlé. Epo pupa ò lé nǹkan kan, ó kàn gbé e padà wá ni. Kò yẹ kí wọ́n mú kí ẹ bì rárá. Ṣé ìgbà kan péré lẹ bì?"

Màmá mi wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó gbé ìgò òróró tó wà lórí tábìlì, ó fi í sínú báàgì rẹ̀, ó sì fa síìpù báàgì náà. Lẹ́yìn náà ó wọ ọkọ̀ padà sí Ìyèrè.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo lò níbẹ̀. Fólúkẹ́ ta àwọn ewúrẹ́ rẹ̀, ó ta iṣu èbù tó yẹ ká gbìn, n kò bi í mélòó. Wọ́n ní kí n má bẹ̀rù, pé àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Ìbẹ̀rù ò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Bàbá kan wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì sí mi, òun náà ń gba afẹ́fẹ́. Ó kú ní ọjọ́ kan lọ́sàn-án. Mo ń wo bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Mo rò ó pé wọ́n ká a dáadáa. Ohun tí mo rò kò ju ìyẹn lọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí irú bẹ́ẹ̀dì yẹn báyìí, tí ẹ bá rí i pé ọkàn yín ti kú bẹ́ẹ̀, ẹ má rò pé ẹ ti ya aláìláàánú. Ara ló ń fi èémí pamọ́. Kò ní èyí tó máa fi sunkún.

Ìyèrè ni mo ti lọ sinmi, lọ́dọ̀ màmá mi. Iṣẹ́ mi ni kí n máa rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí igi ọsàn, kí n padà. Ibẹ̀ ni Ìyá Adé ti wá kí mi. Ó wọ mọ́tò méjì kó tó débẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan wà lórí rẹ̀.

"Túndé! Ọlọ́run ṣeun! Epo tí mo fi gbà ọ́ là lọ́jọ́sí, irú rẹ̀ gan-an ni mo gbé wá. Gbogbo ọjà ni mo ti sọ ọ́ fún."

Mo wo màmá mi, màmá mi wo ilẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún obìnrin náà. Báwo la ṣe máa sọ ọ́? Ẹni àádọ́rin ọdún, tó wọ mọ́tò méjì, tó gbé ẹ̀bùn sórí. Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, mo ní, "A dúpẹ́, mà." Màmá mi gba kẹ́ẹ̀gì náà.

Lọ́jọ́ kejì ni mo mọ̀ pé imú mi ti kú. Màmá mi gbé epo náà kaná, ó gbàgbé ẹ̀, epo náà jóná débi pé àwọn ará ilé kejì ń sáré bọ̀. Inú ilé ìdáná yẹn ni mo jókòó sí. Mo rí èéfín, n kò gbóòórùn nǹkan kan. Dókítà ní ọdún tí mo ti fi ń bẹ̀rẹ̀ sórí bẹntiróòlù ló jẹ imú náà díẹ̀díẹ̀, pé ó lè padà, ó sì lè má padà. Mo ní ó dáa.

Òjò tún dé, mo padà sí èbúté. Mo ti ra pọ́ńpù ọlọ́wọ́ kan tí wọ́n fi ń fa epo. Tí mo bá fẹ́ rọ epo, mo máa ń pa ẹ́ńjìnì, n ó dúró kó tutù, n ó sọ gbogbo èrò kalẹ̀, òjò ì báà máa rọ̀. N ó ká tapólì. Kẹ́ẹ̀gì á wà lórí ilẹ̀, kì í wọ inú ọkọ̀ mọ́. Fóònù ò gbọdọ̀ sún mọ́ wa, ká má tilẹ̀ sọ sìgá. N kì í rọ ọ́ kún dẹ́nu, èyí tó bá sì dà sílẹ̀, aṣọ ni mo fi ń nù ún, n ó sì gbé aṣọ náà jìnnà. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ a óò tún dúró kí atẹ́gùn gbá ìsàlẹ̀ ọkọ̀ mọ́. Àwọn èrò kùn. Ṣẹ́gun, ọlọ́kọ̀ kan tí ọkọ̀ rẹ̀ máa ń gúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, sọ ọkọ̀ mi ní orúkọ. "Ọkọ̀ Sùúrù," ló ń pè é. "Bọ̀ọ̀dá Túndé, ẹ jẹ́ á lọ, oko ò ní sún mọ́ wa."

Ẹnu ló ṣì fi ń fa tirẹ̀. Mo sọ fún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà kẹrin mo dákẹ́.

Ọjọ́ ọjà kan báyìí, mo gbọ́ ikọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo mọ ikọ́ yẹn kí n tó yíjú. Ṣẹ́gun ti kúnlẹ̀ sínú ọkọ̀ rẹ̀, rọ́bà ń da epo sí i lẹ́sẹ̀. Ìyá Adé wà lórí ilẹ̀, ó ti ń sáré lọ, ó ti ń yí ìdérí kẹ́ẹ̀gì rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ má fún un!" Ohùn mi ò dún. Láti ìgbà àìsàn náà, n kò ní èémí tí mo lè fi pariwo. Mo rìn lọ, n kò lè sáré. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, ife ti kún. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ife náà.

"Ìyá, ẹ má fún un."

"Yọwọ́! Ṣé o fẹ́ kó kú ni? Ṣebí òun náà ni mo fi gbà ọ́ là?"

Gbogbo èbúté ń wò wá.

"Kò gbà mí là, mà," ni mo wí. "Òun ló tún gbé bẹntiróòlù náà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró mi. Dókítà sọ ọ́ fún wa. Mo ti mọ̀ tipẹ́."

Epo ń kán sílẹ̀ láti ọwọ́ mi. Ìyá Adé wò mí pẹ́.

"Túndé. Ṣé èmi ni mo fẹ́ pa ọ́?"

"Rárá, mà. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ lẹ ṣe. Èmi ni mo mọ òmíràn, tí mo dákẹ́."

Ìyá Adé da epo inú ife náà padà sínú kẹ́ẹ̀gì, ó dé e. A mú kí Ṣẹ́gun jókòó gbọnrangandan, a bọ́ ẹ̀wù tí epo dà sí lọ́rùn rẹ̀, ó fi omi yọ ẹnu, ó sì tu ú dànù. A kò fún un ní nǹkan kan mu. Kí ọlọ́kadà tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, mo dì í mú kó gbọ́ mi dáadáa. "Tí wọ́n bá bi ọ́, bẹntiróòlù ni kó o sọ. Má sọ epo." Ọjọ́ kẹta ló padà sílé. Ó ń wúkọ́ díẹ̀, ó wà láàyè. Èmi ò sunkún nígbà tí mo rí i. Mo rò ó pé ó yẹ kí n sunkún.

Bí mo ṣe wà báyìí nìyí. Mo lè rìn láti èbúté dé ilé, n ó sinmi lẹ́ẹ̀kan. N kò lè kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń la ẹnu lásán. Ìka mi ti ń mọ nǹkan lára. Imú mi ò padà.

Ìyá Adé ò wọ ọkọ̀ mi fún ọjọ́ ọjà mẹ́ta. Mo gbà pé mo ti pàdánù rẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà kẹrin, ó dé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ lórí. Kò kéde pé epo ni òun rù. Mo ti sọ gbogbo èrò kalẹ̀, mo ti fi pọ́ńpù rọ epo tán, mo ń wo ojú ọ̀run, torí òun ni mo fi ń díwọ̀n àkókò tó yẹ ká dúró.

"Ṣé o ń gbóòórùn ẹ̀?" ló bi mí.

"Rárá, mà."

Ó sọ kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀. Ó ká ìró rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ létí ọkọ̀, ó tẹ orí sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ sí ẹnu kẹ́ẹ̀gì epo pupa. Ó fa imú lẹ́ẹ̀kan, ó gbé orí sókè.

"Ó ṣì kù," ló wí.

A dúró. Kò sí ẹni tó kùn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó tún tẹ orí sílẹ̀. Èmi di okùn ẹ́ńjìnì mú, n kò fà á. Mo ń wo ẹ̀yìn orí rẹ̀, mo ń retí ohun tó máa sọ.